Ẹdùn Àrá Ni Àbí Òkúta Lásán?

Ní sáà tó kọjá, ọmọ kan ní kíláàsì Ìdáádì kó òkúta mẹ́ta wá sí ilé-ẹ̀kọ́ nínú ọ̀rá. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga nílé bàbá rẹ̀ ni ó ti ṣà wọ́n. Ẹnì kan ti sọ fún bàbá náà pé ẹdùn àrá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti ń ná an lówó. Ọmọ náà wá bi wá pé, "Àáfà, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n bọ́ láti ojú ọ̀run?"

Ẹ̀yin òbí wa, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ẹdùn àrá kì í bá àrá wá. Àáké àwọn ènìyàn àtijọ́ ni, tí wọ́n fi òkúta ṣe kí irin tó dé. Èdè wa so iṣẹ́ mọ́ irin débi pé "irinṣẹ́" ni à ń pe ohun èlò gbogbo, ṣùgbọ́n òkúta ni ó ṣáájú. Òjò ńlá a máa wọ́ erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ. Bí àgbẹ̀ bá dé oko lọ́jọ́ kejì tí ó bá a nílẹ̀, a ní àrá àná ni ó sọ ọ́. Àwọn ará Yúróòpù pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Òkúta tí omi odò Ọbà ti yí gbirigbiri a máa jọ̀lọ̀ yíká bí ẹyin, kò ní ẹnu. Àáké àtijọ́ ní ẹnu. Apá kan fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bára mu, ìdí rẹ̀ sì sábà máa ń rí ṣákiṣàki. Bí a bá gbé e sí oòrùn, a lè rí ìlà tínínrín tí pípọ́n fi sílẹ̀, nítorí orí àpáta ni wọ́n ti ń fi iyanrìn àti omi pọ́n ọn.

Èyí tí wọ́n kàn fọ́, tí wọn kò pọ́n, ni ó nira. Bí ènìyàn bá fi òkúta gbá etí òkúta mìíràn, èèpá tó bá ṣí kúrò a máa wú díẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí a ti gbá a, ìlà a sì tàn kálẹ̀ lára rẹ̀ bí ìgbà tí a ju nǹkan sínú omi. Ẹni tó bá ti rí ibi tí ìdí ìgò nípọn ti ṣán mọ ohun tí a ń sọ. Ṣùgbọ́n àpá kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Ọkọ́ lè ṣe é, táyà ọkọ̀ lè ṣe é. Àwọn tí ń fọ́ òkúta kọnkéré pàápàá ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí à ń wá ni àpá kéékèèké tó tò léra lẹ́tí kan, tí wọ́n kọjú síbì kan náà, tí ó fi hàn pé ẹnì kan ní nǹkan lọ́kàn. Òkúta funfun tó ń dán bí ìgò, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní quartz, kì í sì gbọ́ràn. Bó ṣe wù ú ló ń fọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá a máa jiyàn lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti bá òkúta ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Nínú ìwé ẹ ó rí "Iwo Eleru", àwọn ọmọ wa kan sì ti fi ń yangàn. Kì í ṣe Ìwó wa o! Ihò Eléérú ni, ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, lọ́nà Àkúrẹ́. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní ìpele-ìpele. Wọ́n rí òkúta iṣẹ́ ọwọ́ tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, pẹ̀lú egungun ènìyàn tí ó ti lé ní 11,000 ọdún. Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké wà nísàlẹ̀. Àáké pípọ́n àti àpáàdì kò fara hàn àfi ní ìpele òkè. Nítorí pé wọ́n kọ ipò ohun gbogbo sílẹ̀ ni a fi mọ èyí tó ṣáájú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ hadíìsì, ẹ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ti wù kí ó dára tó, a ó béèrè isnad rẹ̀. (A kò fi ọ̀rọ̀ Ànábì wé òkúta o, ọ̀nà ìwádìí ni a ń sọ.) Òkúta tí a yọ kúrò ní ipò rẹ̀ ti pàdánù isnad. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo. Òfin ọdún 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbà kí a tà á fún ẹnikẹ́ni, àfi àjọ ìjọba tó wà fún un tàbí aṣojú tí ó fọwọ́ sí.

Ní ti òkúta mẹ́ta yẹn, àkọ́kọ́ jọ̀lọ̀ bí ẹyin. Ojú ibi tí èkejì ti fọ́ ṣì funfun nigínnigín, ara rẹ̀ yòókù sì ti pọ́n bí erùpẹ̀. Díígà agbẹ́kànga ló ṣe é. Ẹ̀kẹta ní ẹnu, ó ní ìdí, ìlà pípọ́n sì wà lára rẹ̀. A bi ọmọ náà pé báwo ni ihò ṣe jìn tó nígbà tí ó jáde, kí ló sì wà nítòsí rẹ̀, bóyá èédú tàbí àpáàdì. Kò rántí. Ó ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ kí ó lè dán lójú wa. Bàbá rẹ̀ kò tà á mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti to ríìngì sínú kànga náà dé òkè.