Wákàtí Tó Wà Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ni Gbogbo Ìrìn Àjò: Láti Ọ̀jọ́ dé London

Ẹ̀yin olùgbé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, oríṣiríṣi ènìyàn ló ń ti agbègbè yìí lọ sí òkè òkun: oníṣòwò ọjà Alábà, akẹ́kọ̀ọ́, àti òbí tó ń lọ wo ọmọ. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò ìrìn àjò náà, kí bàálù má baà fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Láti Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ Heathrow ní London, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni bí a bá wọ̀n ọ́n tààrà. Bàálù ńlá máa ń sáré tó nǹkan bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá pín in, yóò lé díẹ̀ ní wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀. Síbẹ̀, ìrìn àjò náà máa ń tó nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, nítorí pé eré bàálù kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà kì í sì í ṣe tààrà pátápátá.

Ẹ kíyè sí aago pẹ̀lú. Àkókò tí ẹ óo gúnlẹ̀, bí ó ṣe wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ẹ ń lọ ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní, aago London fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ní oṣù Kẹfà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, bàálù tó gbéra ní 10:30 àárọ̀ lè gúnlẹ̀ ní 4:00 ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù wọn, àti ní 5:00 nígbà ooru, bẹ́ẹ̀ iye wákàtí tó lò lójú òfurufú kò yí padà.

Ní ti New York, tó tó nǹkan bí 8,400 kìlómítà, afẹ́fẹ́ òkè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn máa ń dojú kọ bàálù ní àlọ, a sì máa tì í lẹ́yìn ní àbọ̀. Ìdí nìyí tí àbọ̀ fi máa ń yá ju àlọ lọ.

Ṣùgbọ́n ilé yín ni ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀. Láti Okokomaiko dé pápákọ̀ Ìkẹjà kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ ní tààrà. Bàálù tó ti wà lókè kò ní lo ìṣẹ́jú méjì láti kọjá rẹ̀. Lórí ilẹ̀, ẹ̀wẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì tàbí ọ̀nà Mile 2 sí Òṣòdì lẹ gbà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ máa ṣírò láti ẹ̀yìn wá. Bí bàálù yóò bá gbéra ní 10:30 àárọ̀, ẹ ti dé pápákọ̀ ní 7:30, nítorí wákàtí mẹ́ta ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sábà máa ń béèrè fún ìrìn àjò òkè òkun. Ẹ kúrò nílé ní 5:00 ìdájí, kí ẹ sì yẹ ìwé ìrìnnà yín wò ní alẹ́ tó ṣáájú. A kí yín pé ẹ ó lọ ire, ẹ ó sì bọ̀ ire.