Kí Ló Ṣẹlẹ̀ Kí Ọmọ Tó Ya Ìwé?

Bí ọmọ kan bá ya ìwé ìṣirò rẹ̀ ní kíláàsì, pàṣán ló ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ tíṣà lọ́kàn, tàbí kí wọ́n lé e síta. Olùkọ́ tó ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà á kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló ṣẹlẹ̀ gẹ́rẹ́ kó tó ya ìwé? Kí ló sì rí gbà lẹ́yìn tó ya á?

Wọ́n á kọ́ olùkọ́ láti pín ojú ìwé sọ́nà mẹ́ta: ohun tó ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe gan-an, ohun tó tẹ̀lé e. Kò gbọdọ̀ kọ “olóríkunkun ni” síbẹ̀. Kó kọ “ó ya ojú ewé méjì, ó wọ abẹ́ tábìlì.” Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìdí ìwà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ọmọ lè fẹ́ kí wọ́n ka òun sí, nǹkan kan lè wà tó ń wá, ariwo lè máa ni ín lára, tàbí kó máa sá fún iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń sá fún, ẹni tó lé e síta ti fún un ní ohun tó ń wá. Yóò tún ya òmíràn lọ́la. Ohun tó yẹ ni kí olùkọ́ gé iṣẹ́ náà sí kéékèèké, kó sì kọ́ ọmọ bí yóò ṣe bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi: kó nawọ́, tàbí kó gbé káàdì sókè bí kò bá lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá gbé e, kí tíṣà tètè dá a lóhùn, torí bí káàdì kò bá ṣiṣẹ́, yíya ìwé ni yóò padà sí.

Nígbà mìíràn, ohun tí a pè ní ìwàkíwà kì í ṣe ìwà rárá. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tó jókòó sẹ́yìn, ni wọ́n ń pè ní aláìgbọràn. Wárápá kan sì wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Ojú rẹ̀ á kàn dá dúró síbì kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tíṣà á ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́.

Ní Nàìjíríà, Federal College of Education (Special) tó wà ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní irú iṣẹ́ yìí. Òfin nípa àwọn tó ní ìpèníjà, tí Ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019, sì ní kí ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ láti bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ẹnì kan kò lè dé gbogbo kíláàsì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan ní gbọ̀ngàn kì í sì í wọ ara. Ẹni náà ni kó jókòó sẹ́yìn kíláàsì tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ kọ ọ̀nà mẹ́ta yẹn, kó sọ ohun tó rí fún un ní ìkọ̀kọ̀, kó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.