Bídọ̀n tí ó di ilé kọ̀ǹpútà

Ní ojú ọ̀nà Ìgòlò sí Àjàṣẹ́, ọmọdé pàápàá mọ bídọ̀n, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kẹ́ẹ̀gì. Àwọn tí ń gbé epo kpayo ń dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù wọn. Òun ni àwọn ìyá fi ń pọn omi ní Kétu, òun sì ni òróró fi ń dé ọjà Ṣábẹ̀ẹ́. Bí ó bá là, wọ́n a gé orí rẹ̀, a sì di ohun tí ewúrẹ́ fi ń mu omi. Ṣùgbọ́n ní Kútọnu, bídọ̀n ti rí iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ń gé e, wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú rẹ̀, wọ́n ń so iná mọ́ ọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Jerry ni wọ́n ń pè é.

Orúkọ yìí ní ìtàn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Jerry ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe àwọn ará Jámánì. Bídọ̀n onírin tí ń gba lítà 20, tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì fi ń gbé epo, ni wọ́n wá ń pè ní jerrycan. Ní ọdún 2011, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé to kọ̀ǹpútà sínú irú bídọ̀n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ike ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jerry. Iṣẹ́ náà kọjá òkun. Ní Kútọnu, BloLab, ilé ìkọ́ṣẹ́ tí Médard Agbayazon dá sílẹ̀, ni ó sọ ọ́ di mímọ̀. Ní èdè Fọ̀n, “blo” túmọ̀ sí “ṣe”. Ní Lómé pẹ̀lú, ilé WoeLab, tí ayàwòrán-ilé Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní 2012, ń tọ irú ọ̀nà kan náà: ohun tí àwọn mìíràn ti sọ nù ni wọ́n fi ń kọ́ni ní iṣẹ́.

Olùbẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Kò di dandan kí ó lọ sí yunifásítì. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni iṣẹ́ tí àpótí ń ṣe fún kọ̀ǹpútà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àpótí irin tí ó dúró lábẹ́ tábìlì ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí náà dà bí èèpo ẹ̀pà. Ọmọ inú rẹ̀ ni a ń wá.

Nínú rẹ̀ ni pátákó pẹlẹbẹ kan wà, tí ẹ̀yà kéékèèké kún ojú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní carte mère, èyíinì ni pátákó ìyá, nítorí òun ni gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Lórí rẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà, pẹ̀lú fáànù kékeré tirẹ̀, nítorí pé ó máa ń gbóná gan-an. Dísìkì wà tí ń tọ́jú ohun tí a kọ. Àpótí iná sì wà, tí ń gba iná 220 láti ara ògiri, tí ń sọ ọ́ di iná kékeré: vóltì 12, vóltì 5 àti vóltì 3,3. Iṣẹ́ àpótí ńlá ni kí ó di gbogbo ìwọ̀nyí mú kí wọ́n má mì, kí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, kí ó sì dènà ọwọ́ ọmọdé, omi àti eruku. Ohunkóhun tí ó bá lè ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí lè jẹ́ ilé kọ̀ǹpútà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí ń ti Yúróòpù wá ni àpótí wọn ti dógùn-ún tàbí tí ó ti tẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kò mọ̀ a ní ó ti kú, a sì jù ú sí ààtàn. Ilé wó, ṣùgbọ́n onílé ṣì wà láàyè. Níbẹ̀ ni bídọ̀n ti wúlò. Bí àpótí irin bá ṣì dára, ìwà òmùgọ̀ ni kí a sọ ọ́ nù nítorí pé a fẹ́ ṣe àṣà.

Ibi tí ewu tí ó tóbi jù wà ni yíyan bídọ̀n. Bídọ̀n tí ó ti gbé epo kpayo rí kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ike máa ń mu epo sára bí aṣọ ti ń mu omi, a sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Níbi tí òórùn epo bá wà, epo wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá ki ọ̀bẹ gbígbóná bọ inú irú bídọ̀n bẹ́ẹ̀, tàbí tí iná ta lára ẹ̀rọ ìlu-ihò, ó lè bú gbàmù mọ́ ọn lójú. Àwọn tí ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kpayo mọ bí iná yẹn ti ń jó. Kò sí ìdí tí a ó fi gbé e wọ yàrá. Bídọ̀n òróró tàbí ti omi ni kí a wá. Kí a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí kò fi ní yọ̀ mọ́, nítorí òróró tí ó bá kù ń fa eruku mọ́ra. Kí a sì sá a sóòrùn títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá.

Kí a tó fọwọ́ kan bídọ̀n náà, ó dára kí a kọ́kọ́ to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sórí tábìlì igi, kí a so wọ́n pọ̀, kí a sì tan án. Àwọn tí ń kánjú máa ń fo èyí, wọ́n sì ń kábàámọ̀. Bí ó bá kọ̀ láti tàn lórí tábìlì, ẹ̀yà kan ni ó ní àrùn. Bí ó bá tàn lórí tábìlì tí ó wá kọ̀ nínú bídọ̀n, ọwọ́ ẹni tí ó tò ó ni ẹ̀bi wà, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ní pẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àpótí iná àtijọ́, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tí a kọ nọ́ńbà sí: 115 àti 230. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, 230 ni ó gbọ́dọ̀ hàn. Ẹni tí ó bá fi í sí 115, tí ó sì kì í bọ ògiri, yóò gbọ́ ìró kan bí ìbọn ọdẹ, àpótí iná rẹ̀ a sì kú lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà ti gba owó rẹ̀ là. Kí olùbẹ̀rẹ̀ má sì ṣí àpótí iná náà láé. Bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, iná ṣì lè wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀, ó sì lè gbé ènìyàn.

Ìwọ̀n ni ó kàn. Pátákó ìyá tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá gùn ní sẹ̀ntímítà 30,5, ó sì fẹ̀ ní 24,4. Ti àárín jẹ́ 24,4 ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ó kéré jẹ́ 17 ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni ó sì rọrùn jù láti wọ bídọ̀n. Ìwọ̀n wọ̀nyí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní 1995 ni Intel gbé ìwọ̀n ATX jáde, tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì gbà á. Ìdí nìyẹn tí pátákó tí a ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà fi lè wọ àpótí tí a ṣe ní Jámánì, tí ó sì tún lè wọ bídọ̀n ní Ìpọ̀bẹ́. Kí a gbé pátákó náà lé orí páálí, kí a fi pẹ́ńsù yí i ká, kí a sàmì sí ojú ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Páálí tí a gé yìí ni a ó kọ́kọ́ gbé sínú bídọ̀n. Bí páálí kò bá wọ̀, pátákó kò ní wọ̀. Páálí kò sì wọ́n.

A kì í gé bídọ̀n sí méjì. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni a ń là, a sì fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀ kí ó lè máa ṣí bí ìwé. Ọ̀bẹ mímú tàbí ayùn irin dára ju ọ̀bẹ gbígbóná lọ, nítorí èéfín ike kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn èyí, a ó gbẹ́ fèrèsé kan sí ibi tí ojú ìkìbọ̀ pátákó ìyá yóò ti yọ síta. Sẹ̀ntímítà 16 ní gígùn àti 4,5 ní fífẹ̀ tó fún un.

Ara bídọ̀n kò tẹ́jú, nítorí náà ni a ṣe ń kan pátákó ìyá mọ́ igi pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń ṣe ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ igi náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún orí irin kéékèèké, ó sì nílò afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ bàbà kéékèèké tí ó wà nínú àpótí àtijọ́ ni ó dára jù. Bí kò bá sí, ọ̀pá báìkì tí tàdáwà rẹ̀ ti tán, tí a gé ní nǹkan bí ìdajì sẹ̀ntímítà, tí a sì ki ìṣó yíyí gba inú rẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ náà láìsí àléébù. Nígbà tí a bá ń ṣe èyí, ó yẹ kí a máa fọwọ́ kan ara irin àpótí iná lóòrèkóòrè. Iná kékeré kan máa ń wà lára ènìyàn, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, èyí tí aṣọ ọ̀rá máa ń ta pàrà-pàrà. Kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jẹ́.

Ọ̀ràn ooru kò ṣe é fi ṣeré, nítorí pé ike ń yọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń lọ sókè. Nítorí náà, ihò tí afẹ́fẹ́ tútù yóò gbà wọlé gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, ihò tí ti gbígbóná yóò gbà jáde sì gbọ́dọ̀ wà lókè, pẹ̀lú fáànù tí ń fẹ́ síta. Àpótí iná ní fáànù tirẹ̀, kí ihò tirẹ̀ dojú kọ ìta bídọ̀n tààrà. Kí a fi okùn di gbogbo wàyà kí ó má bàa kó sí fáànù lẹ́nu. Kí a ta àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó ti gbó bo ihò ìsàlẹ̀. Eruku ọyẹ́ kò ní lè wọlé púpọ̀, ọmọńlé náà kò sì ní rí ọ̀nà. Ọmọńlé fẹ́ràn ibi tí ó móoru; bí ó bá kú sórí pátákó ìyá, òun nìkan kọ́ ni yóò kú.

Bọ́tìnnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà ni ó máa ń ba olùbẹ̀rẹ̀ lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó rọrùn jù. Lórí pátákó ìyá, a ó rí irin kéékèèké tí wọ́n yọ sókè bí eyín, tí a kọ PWR tàbí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ohun tí bọ́tìnnì ń ṣe kò ju pé kí ó mú méjì nínú wọn fara kanra fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà lè ṣe é.

Àléébù ike kan wà tí irin kò ní: kò lè dá ariwo iná kọ̀ǹpútà dúró. Bí rédíò bá wà nítòsí, ó lè máa kùn bí oyin. Kí a gbé ọ̀kan jìnnà sí èkejì.

Bí ilé bá ti parí, ètò ni ó kù. Emmabuntüs, tí a ṣe ní ilẹ̀ Faransé fún àwọn ẹgbẹ́ Emmaüs tí ń tún kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì béèrè agbára púpọ̀. Lára ìdílé Linux ni ó ti wá, ìlànà ìtẹ̀wé Yorùbá sì wà nínú Linux, tí a fi lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ lè kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ lórí Jerry láìsọ èdè rẹ̀ di arọ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bídọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ ihò òkè. Bí ó bá móoru bí ara ènìyàn, ó dára. Bí ike bá ń rọ̀ lábẹ́ ìka, kí ó pa á, kí ó yọ ọ́ lára ògiri, kí ó sì fẹ ihò náà sí i.