Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló wà nínú yíyí ojú ọ̀nà marathon padà?

Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí? "Ṣebí títì náà ni títì, kí wọ́n kàn máa sáré lọ!" Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o.

1. Kìlómítà 42.195 ni marathon, kò gbọdọ̀ dín. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń ka yíyí táyà iwájú. Ẹni tó ń gùn ún á máa gé kọ̀rọ̀ mọ́ etí títì, torí ibẹ̀ ni sárésáré máa gbà. Wọ́n á tún fi nǹkan bíi mítà 42 kún un, kó má baà kù.

2. Ní 1970, inú ọgbà Central Park ni wọ́n ti ń sá marathon New York yípo. Ní 1976, wọ́n gbé e gba àgbègbè márààrún ìlú náà, láti Staten Island. Ní 1981, sárésáré kan, Alberto Salazar, sá a ní 2:08:13, wọ́n ní kò sẹ́ni tó yá tó o rí lágbàáyé. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà wọ̀n, ó fi nǹkan bíi mítà 150 kù! Wọn ò kà á fún un mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí òun kọ́ ló wọn ọ̀nà.

3. Ọ̀nà marathon Boston dà gẹ̀rẹ́ ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ. Ara ìdí nìyẹn tí 2:03:02 tí Geoffrey Mutai sá níbẹ̀ ní 2011 ò fi wọ ìwé àkọsílẹ̀ eré tó yá jù lágbàáyé.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí sárésáré kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá ti Èkó, báwo ni Third Mainland Bridge ṣe rí lẹ́sẹ̀ yín?