Bí Ojú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Bá Ṣókùnkùn

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ ṣì ń lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ nílé, bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ má tètè gbé e jù nù. Ẹ pa á, kí ẹ yọ wáyà tí ó so ojú mọ́ àpótí kọ̀ǹpútà, kí ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò, kí ẹ sì tún un kì bọ àyè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan tí ó wọ́ tó láti ba àwọ̀ àwòrán jẹ́.

Bí ojú náà bá jẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ tàn án, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí àwòrán bá hàn fírífírí, iná inú rẹ̀ ni ó kú, iṣẹ́ yín ṣì wà nínú àpótí.

Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni ó léwu. Ẹ má ṣe tú u: bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì lè ṣì wà nínú rẹ̀.