Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ní "Muscle Tone" Gan-an?

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ètò ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera ara. Ẹnìkan lè máa bi ara rẹ̀ pé, kí ló kan oníṣirò owó nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òótọ́ ni, èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin lọ́dọọdún, orí àga ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé nítorí ìwé owó-orí, ẹni tó bá sì ń jókòó tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ ṣeré. Mo ka ìwé lórí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ka ìwé ìṣirò: mò ń wá ibi tí ohun tí wọ́n kọ kò ti bá ohun tó wà nílẹ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ "tone" ni mo kọ́kọ́ rí tí kò bára mu. Ẹ wọ ilé ìdárayá èyíkéyìí ní Houston níbí, ẹ ó gbọ́ ọ. "Apá mi ni mo fẹ́ tone." "Ikùn yìí ni mo fẹ́ tone." Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, irin yẹn kọ́ o, mi ò fẹ́ ní apá bí ọkùnrin. Kí n ṣáà tone díẹ̀ ni." Mo bi í pé kí ni tone náà jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n."

Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Tonos ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni fífa nǹkan kó le, bí ìgbà tí ènìyàn bá fa okùn. Láti ibẹ̀ ló ti di ohùn, nítorí bí wọ́n bá ṣe fa okùn ohun èlò orin le tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó. Àwa tí a ni dùndún kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Bí ẹ bá ń wo àwọn onílù wa lónìí, ẹ wo ọwọ́ tí kò mú ọ̀pá ìlù dání. Ọwọ́ yẹn ń fún ọsán, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bó bá fún un, ojú ìlù á le, ohùn á ròkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí onílù tó fọwọ́ kàn án rárá, ọsán náà ti le níwọ̀n. Bó bá dẹ̀ pátápátá, ìlù kò lè sọ ohunkóhun.

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní muscle tone nìyẹn: ìwọ̀n líle tó wà nínú iṣan nígbà tí a kò tilẹ̀ lò ó. Kí ó lè yé wa, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ọ̀rọ̀ "iṣan" lédè wa. À ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ní iṣan, à ń pe okùn tó so ẹran mọ́ egungun ní iṣan. Ẹran ara tó ń súnkì tó sì ń nà, tó ń gbé egungun, ni mo ní lọ́kàn lónìí. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń ránṣẹ́ sí i lọ́sàn-án àti lóru pé kó má ṣe dẹ̀ tán. Òun ni kì í jẹ́ kí orí wa já sí àyà nígbà tí a bá jókòó. Dókítà kì í fi ojú wò ó lásán. Á ní kí ẹ dẹ ara, á di apá tàbí ẹsẹ̀ yín mú, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa nà án, láti mọ bó ṣe ń tako ọwọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa nítorí àrùn rọpárọsẹ̀. Ó ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni olórí ohun tó ń fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá tó mú lè rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, apá kan náà lè wá gan: igunpa á tẹ̀, ìka á ká, kò ní fẹ́ nà mọ́. Ẹbí lè máa dúpẹ́ pé agbára ti ń padà. Agbára kọ́ nìyẹn. Ọpọlọ tó yẹ kó máa sọ fún iṣan pé "ó tó, dẹ̀" ni kò lè sọ ọ́ mọ́. Apá lè le bí igi kó má sì lè gbé ife omi. Bí ẹ bá rí i lára ènìyàn yín, ẹ tètè sọ fún dókítà tàbí physical therapist, nítorí ìtọ́jú wà fún un kí oríkèé tó gan pa. Àti pé bí ẹnu bá ṣàdédé yẹ̀, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, 911 ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pe pásítọ̀ tàbí àfáà ṣáájú.

Tone ti ilé ìdárayá wá ńkọ́? Kò sí ohun tó jọ èyí rárá. Nǹkan méjì péré ni ojú ń rí nígbà tí a bá ní apá ẹnìkan "tone": iṣan tó dàgbà díẹ̀, àti ọ̀rá tí kò pọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí ẹ̀kẹta. Iṣan lè tóbi, ó lè dúró bó ṣe wà, ó sì lè joro. Ọ̀rá kì í di iṣan, iṣan kì í sì í di ọ̀rá. Àkáǹtì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò sí bí a ṣe lè gbé owó láti inú ọ̀kan sí èkejì. Ọ̀kan lè máa dín kí èkejì máa pọ̀ lásìkò kan náà, ìyẹn ló ń tan ojú jẹ.

Ìdí nìyí tí ìwọ̀n inú balùwẹ̀ fi ń já ènìyàn kulẹ̀. Lítà kan ọ̀rá wọn nǹkan bíi 0.9 kílò, lítà kan iṣan wọn nǹkan bíi 1.06. Ẹni tó pàdánù kílò méjì ọ̀rá tó sì jèrè kílò méjì iṣan á gun orí ìwọ̀n, á rí iye kan náà, á sì bínú. Ìwọ̀n ń fún wa ní àròpọ̀ láìsí àlàyé, àbọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé gbà lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́ kankan. Telọ tó ń rán aṣọ ẹbí yín mọ̀ jù ú lọ.

A kì í sì í yan ibi tí ọ̀rá máa ti kúrò. Ní ọdún 1971, àwọn olùwádìí wọn ọ̀rá abẹ́ awọ apá àwọn tó ń gbá tẹníìsì. Apá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún pípẹ́ ní iṣan ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wà lórí apá méjèèjì kò yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń dìde jókòó ní ìgbà 200 lójúmọ́ kí ikùn lè lọ ń fún iṣan ikùn lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún ọ̀rá tó bò ó.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ "tone" kò ní òdiwọ̀n, ó rọrùn láti tà. Ilé iṣẹ́ Reebok gbé bàtà kan jáde tó ń jẹ́ EasyTone, ìpolówó rẹ̀ sì sọ pé ẹni tó bá ń fi rìn, iṣan ìdí rẹ̀ á fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára sí i, á sì tone sí i, ju ti bàtà mìíràn lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, Federal Trade Commission ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹ̀rí rẹ̀ kò dúró, Reebok sì gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là kí àwọn tó ra bàtà náà lè gba owó padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, Skechers gbà láti san mílíọ̀nù 40 lórí Shape-ups àti àwọn bàtà mìíràn bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ méjèèjì kò gbà pé àwọn jẹ̀bi. Mílíọ̀nù 65 nìyẹn lápapọ̀, nítorí bàtà.

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ẹ má bẹ̀rù irin. Lẹ́yìn ìbàlágà, testosterone inú ara ọkùnrin fi ìlọ́po 10, ó kéré tán, ju ti obìnrin lọ, síbẹ̀ mélòó nínú àwa ọkùnrin tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni apá wa rí bí ti eléré ìdárayá? Àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún àti ìwọ̀n oúnjẹ wá a ni. Àwọn ìyá ìyá wa gún iyán fún ilé odidi, ọmọ odó kò sì fúyẹ́. Ta ló pè wọ́n ní ọkùnrin? Àwa la sọ ọmọ odó di ìyẹ̀fun inú páálí.

Irin fífúyẹ́ náà lè mú iṣan dàgbà, bí ẹ bá ń gbé e títí tó fi kù díẹ̀ kí apá kọ̀. Bó bá jẹ́ agbára gan-an lẹ ń wá, èyí tó wúwo dára jù. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni kí ènìyàn gbé ohun tó fúyẹ́ ní ìgbà 15, kó sì dúró nígbà tí ara kò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn òbí wa. Láti nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ ni iṣan ti ń dín díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yá sí i lẹ́yìn 60. Ìyá wa á wá láti Nàìjíríà wá tọ́jú ọmọ tuntun. Nílé, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Níbí, mọ́tò ló ń gbé e, a sì ń sọ pé, "Màámi, ẹ jókòó, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n iṣan kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2007 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA mú àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le, ó ní kí wọ́n wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ 10. Bí a bá pín in dọ́gba, ẹran tí ẹsẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Ọjọ́ 10 péré! Iṣan yìí kan náà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí oúnjẹ ń kó wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé gbà padà. Ní ọdún 1990, JAMA yìí náà gbé iṣẹ́ àwọn dókítà kan ní Boston jáde. Wọ́n fún arúgbó 10 tó ń gbé ilé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn ń lọ bíi 90, ní irin láti máa fi ẹsẹ̀ gbé fún ọ̀sẹ̀ 8. Bí a bá pín in dọ́gba, agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, iṣan itan wọn sì fi ìdá 9 tóbi. Ẹ wo iye méjèèjì yẹn dáadáa. Agbára pọ̀ jìnnà ju bí iṣan ṣe tóbi lọ, nítorí ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe iṣan tó wà nílẹ̀ sí iṣẹ́. Nítorí náà, bí dígí kò bá tíì fi nǹkan kan hàn yín lẹ́yìn oṣù kan, iṣẹ́ ti ń lọ.

Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ti ọdún 2018 ni kí àgbàlagbà rìn kánkán tàbí ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kó sì ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì. Ẹ kò nílò láti san owó ilé ìdárayá. Kí Màámi dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara, kó tún jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ìgbà 8 sí 12. Kó fi ọwọ́ ti ògiri, kó máa tẹ̀ síwájú sẹ́yìn. Kó jẹ mọ́ínmọ́ín, ẹja àti ẹyin dáadáa. Ẹni tó wọn 70 kílò nílò pùròtéènì tó tó gíráàmù 56 lójúmọ́, ó kéré tán, ẹyin kan sì ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Àṣà tó ń gbé ẹran ńlá fún bàbá, tó ń fi egungun sílẹ̀ fún ìyá, kò bá ìṣirò yìí mu.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá sì ń gbé nǹkan, kó má ṣe sé èémí mọ́ra. Kó máa mí síta nígbà tó bá ń gbé e sókè, kó máa mí sínú nígbà tó bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.