Òkúta Ló Tọ́jú Ojú Irin Okehampton

Fún ọdún 49 ni ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò lójoojúmọ́ fi pa ìlú Okehampton tì. Ìlú kékeré náà wà létí òkè Dartmoor ní Devon, lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọ̀nà Exeter ni ojú irin rẹ̀ ti yà. Oṣù kẹfà ọdún 1972 ni wọ́n dá ọkọ̀ dúró, ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2021 ló padà dé. Àwọn ará ìlú tí kò yéé pariwo la sábà máa ń gbóríyìn fún, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú mìíràn náà pariwo títí, ọkọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú tèmi, òkúta ló ya Okehampton sọ́tọ̀.

Ní Meldon, nítòsí ìlú náà, ibi ìfọ́kúta kan wà tí rélùwéè fúnra rẹ̀ ń lò: òkúta wẹẹrẹ tí wọ́n ń dà sábẹ́ irin kí ó má baà rì, kí omi òjò sì ráyè ṣàn. Èrò kò sí mọ́, àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ṣì ń kó òkúta gba orí irin yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó hú u. Nígbà tó di 1997, tí ìjọba ìbílẹ̀ Devon fẹ́ kí ọkọ̀ máa kó èrò wá lọ́jọ́ Àìkú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irin ti wà nílẹ̀ tí ọkọ̀ á gbà. Ẹ wá wo òdìkejì Meldon. Ojú irin yìí kan náà ló ń lọ sí Tavistock àti Plymouth kí wọ́n tó pa apá ibẹ̀ ní 1968. Kò sí òkúta tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kó níbẹ̀, wọ́n bá hú u. Lónìí, lórí afárá onírin gíga tó wà ní Meldon, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó mú ajá rẹ̀ jáde lẹ máa bá pàdé. Kì í ṣe pé àwọn ará Tavistock kò fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin tó.

Ẹnì kan lè ní mọ́tò ti gbòde ní 1972, pé ìjọba kò lè máa náwó sórí ọkọ̀ tó ń gbé àga òfìfo kiri. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìjábọ̀ tí Richard Beeching, ọ̀gá rélùwéè ilẹ̀ Britain nígbà náà, gbé jáde ní 1963, tó ní kí wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì ojú irin, ìṣirò ló gbé e ró, àwọn ojú irin kan sì wà nínú wọn tí kò sẹ́ni tó sunkún wọn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n sọ ìpinnu méjì di ọ̀kan. Dídá ọkọ̀ dúró jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ọdún yẹn, ó ṣeé yí padà. Híhú irin, kí wọ́n sì ta ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ìjì wó ògiri etí òkun ní Dawlish, irin kan ṣoṣo tó lọ sí Plymouth àti Cornwall ń fì dirodiro lófuurufú, ó tó oṣù méjì kí ọkọ̀ tó tún gbabẹ̀. Ọ̀nà kejì tí èrò ì bá gbà ni èyí tí wọ́n pa ní 1968.

Wọ́n á tún tọ́ka sí Scotland, níbi tí ojú irin Edinburgh sí ẹkùn Borders, tí wọ́n pa ní 1969 tí wọ́n sì hú, ti padà ní 2015. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn mílíọ̀nù 294 ni wọ́n ná lórí máìlì 30. Ibùdókọ̀ méje tuntun wà nínú rẹ̀, kí n má parọ́. Àmọ́ òpópónà ńlá ti gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ní láti la ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀. Ti Okehampton gba mílíọ̀nù 40 àti díẹ̀. Níbẹ̀ náà, irin àtijọ́ kò wúlò mọ́: máìlì 11 ni wọ́n tẹ́ láàárín ọjọ́ 20, lórí ìdábùú kọnkéré 24,000. Ilẹ̀ ni òkúta bá wọn tọ́jú: kò sí ilé lórí rẹ̀, kò sì sí títì tó gé e.

Láàárín ọdún kan, èrò wọ ọkọ̀ náà nígbà tó lé ní 250,000, ó sì ti ń lọ ní wákàtí wákàtí láti oṣù karùn-ún ọdún 2022. Ibi ìfọ́kúta Meldon ti dáwọ́ dúró láti 2011.